Wọn Ò Ní Lẹ Táìlì sí Ilé Ìwẹ̀ Òkè Lọ́sẹ̀ Yìí

Onígbòǹgbò,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Káyọ̀dé ọmọ mi, Àkànbí ọkọ mi,

Bí ara rẹ bá le, ara tèmi náà le. Mo ti kí ọ nìyẹn, kí o má baà sọ pé ìbínú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìbínú ń bọ̀ níwájú.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà. Orí fóònù ni gbogbo ayé ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. O ó ní, “Màámi, ẹ gbọ́ ná,” èmi náà á sì pa fóònù. Ìwé ò ṣeé já gbà mọ́ni lẹ́nu. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní ọmọbìnrin ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé mẹ́ta yẹn náà ni mo fi ń ka Bíbélì mi láràárọ̀, òun ni mo sì fi ń kọ èyí. Bí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, máa kà á lọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tuntun tí o rí ní Ìlúpéjú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Títílọlá tí o fẹ́ gbé wálé nípárí oṣù, mo dúpẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pé ẹ̀yin méjèèjì ó máa gbé òkè ilé tí bàbá rẹ kọ́, tí èmi ó wà nísàlẹ̀ tí n ó máa gbọ́ ẹsẹ̀ yín, kò sí ìyá tí inú rẹ̀ ò ní dùn sí i. Ṣùgbọ́n ilé ìwẹ̀ òkè yẹn, wọn ò ní lẹ táìlì sí i lọ́sẹ̀ yìí. Mo ti tì í. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní etí ìró mi, mo ta á ní kókó.

Ohun tí Sẹ́míù táìlà, oníṣẹ́ tó ń lẹ táìlì, sọ fún ọ, apá kan ọ̀rọ̀ ni. Gbọ́ tèmi. Ọjọ́ Ajé ló dé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ bí o ṣe rán an. Ó kó àwọn páálí táìlì gòkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í po sìmẹ́ńtì. Mo tẹ̀ lé e gòkè pẹ̀lú orúnkún mi tí o mọ̀. Mo bi í pé ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi wọ ilẹ̀ dà, èyí tí ẹ̀yin oníṣẹ́ ń pè ní wọ́tápúrúùfù. Ó ní bọ̀ọ̀dá ní kí òun máa lẹ táìlì lọ, pé àkókò ò sí. Mo fa àpótí ìjókòó mi, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, mo sì jókòó. Mo ní bó bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ láti ara mi. Ó kọ́kọ́ rò pé eré ni. Ó ní, “Ìyá, ẹ fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde.” N ò dìde. Ìgbà tí sìmẹ́ńtì tó pò bẹ̀rẹ̀ sí í gan ló tó pè ọ́.

Ìwọ wá sọ fún mi láti Òṣogbo lọ́hùn-ún pé, “Màámi, táìlì fúnra ẹ̀ kì í gba omi. Bí àwo oúnjẹ ló ṣe rí.” O sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ọmọ ìkókó sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni mo pa fóònù.

Èsì mi nìyí. Lóòótọ́ ni pé táìlì kì í gba omi. Ṣùgbọ́n àwo oúnjẹ kì í ní ojú ìsopọ̀. Ta lo rí rí tó ń kó àfọ́kù àwo jọ, tó fi sìmẹ́ńtì funfun lẹ̀ wọ́n pọ̀, tó wá bu ọbẹ̀ sínú rẹ̀? Sìmẹ́ńtì funfun àárín táìlì yẹn ń mu omi bí ọ̀mùtí. Bó bá mu ún tán, abẹ́ táìlì ló ń sọ ọ́ sí. Omi tó bá ti dé abẹ́ táìlì kì í mọ ọ̀nà padà sókè. Ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ta ló wà nísàlẹ̀? Èmi ni.

Ìgbà tó di ìrọ̀lẹ́, Dádì Agége pè. Ọkọ mi ni wọ́n lóòótọ́, nítorí àbúrò bàbá rẹ ni wọ́n, n kì í sì í dá wọn lóhùn lókè. Wọ́n ní ìyàwó kì í wọ ilé ọkọ kó bá yanrìn àti ṣọ́bìrì lójú ọ̀nà. Pé bí àwọn ará ilé Títílọlá bá dé tí wọ́n rí ilé ìwẹ̀ tí kò tíì parí, wọ́n á ní a ò múra de ọmọ àwọn, ìtìjú yóò sì di ti gbogbo ẹbí. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n yín náà gbé mi wọ ilé tí kò ní òrùlé ilé ìdáná nígbà òjò. Abẹ́ agbòjò ni mo ti se ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo sè fún ẹbí yín. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ tún bù kún un.” Wọ́n ní agídí mi ti pọ̀ jù. Mo bi wọ́n pé ibo ni kí n ti dín in kù.

Àkànbí, ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. O mọ̀ pé ilé ìwẹ̀ òkè yẹn wà ní títì láti kékeré rẹ, pé ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo wa ti ń wẹ̀. O máa ń bi mí, mo sì máa ń sọ pé ẹ̀rọ omi ló bàjẹ́. Kì í ṣe ẹ̀rọ omi.

Nígbà tí bàbá rẹ parí òkè ilé, ilé ìwẹ̀ yẹn ni àkọ́kọ́ tí wọ́n lẹ táìlì sí ní àdúgbò wa. Àwọn èèyàn wá wò ó bí ẹni wá wo ọmọ tuntun. Táìlì aláwọ̀ ewé ni, ó ń dán. Kò sí ẹni tó kun ohunkóhun sábẹ́ rẹ̀. A fi òkè háyà fún Ìyá Bíọ́dún, tíṣà ni, obìnrin tó mọ́ tónítóní, tó ń wẹ̀ láàárọ̀ tó ń wẹ̀ lálẹ́. Àwa wà nísàlẹ̀. Ní pálọ̀ ni mo gbé máṣíìnì ìránṣọ mi sí, tí mo ti ń rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn ọmọ.

Kò pẹ́, ògiri ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì mi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Àbààwọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ dà bí ojú àwo, ó wá gùn, ó wá dà bí ẹni tó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wa wá wọn aṣọ lọ́jọ́ kan. Ó rí i, ó sì kúnlẹ̀ síbẹ̀. Kí ọjọ́ ìsinmi tó pé, pálọ̀ mi ti kún fún èèyàn nínú aṣọ funfun, wọ́n mú ìgò wá, wọ́n ń fi òwú gba omi ara ògiri sínú rẹ̀. Wọ́n ní orísun ìbùkún ti ṣí nílé wa. Àwọn kan fi ra ojú, àwọn kan mu ún. Obìnrin kan jẹ́rìí pé ẹsẹ̀ òun ti fúyẹ́, n ò sì ní bá a jiyàn lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń jókòó ti ògiri yẹn látàárọ̀ dalẹ́. Mo mọ̀ pé bí Ìyá Bíọ́dún bá ti wẹ̀ tán lókè ni omi máa ń pọ̀ sí i. Mo fi ìka kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀. Ọṣẹ ni. Mo sọ fún bàbá rẹ ní yàrá pé omi ìwẹ̀ ni àwọn èèyàn ń gbé lọ sílé. Bàbá rẹ kì í ṣe èèyàn burúkú, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn pé ilé òun ni Ọlọ́run yàn. Ó wò mí, ó ní, “Ìwọ tí o ka ìwé mẹ́ta lo fẹ́ lọ sọ fún àwọn àgbà ìjọ pé omi ọṣẹ ni wọ́n ń mu?”

Mo dákẹ́.

Àṣìṣe mi nìyẹn. Àwọn òbí mìíràn á kọ lẹ́tà sí ọmọ wọn, wọ́n á ní nígbà èwe àwọn, àwọn ò mọ̀. Èmi mọ̀. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́, nítorí ìyàwó ilé ni mí, n ò sì fẹ́ kí wọ́n fi ìwé mẹ́ta mi rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹnu tí ẹ ń rí lẹ́nu mi lónìí, ti ìgbà yẹn tí mo dì sínú ló ń tú jáde.

O ti bẹ̀rẹ̀ sí í rá nígbà náà. Abẹ́ tábìlì máṣíìnì mi ni mo máa ń tẹ́ ẹní rẹ sí, nítorí ariwo ẹsẹ̀ máṣíìnì ló máa ń mú ọ sùn. Lọ́jọ́ kan, lọ́sàn-án gangan, oníbàárà kan ní Maryland nítòsí wa ránṣẹ́ pé kí n gbé aṣọ òun wá kíákíá. Oorun ti ń kùn ọ́. Mo fẹ́ fi ọ́ sílẹ̀ níbi tí o wà, n ò ní pẹ́. Ṣùgbọ́n o sunkún, mo bá pọ̀n ọ́ lọ. Ìgbà tí mo dé, eruku ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Dẹ́kìn, ilẹ̀ kọnkéré tó pín òkè àti ìsàlẹ̀, ti já, òkúta kọnkéré kan tó tó ọlọ ti jábọ́ sórí máṣíìnì. Orí máṣíìnì ti yà sọ́tọ̀, tábìlì ti dà wó. Ẹní rẹ wà lábẹ́ rẹ̀.

N ò lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn. Mo kàn fẹ́ kí o mọ ohun tí mo ń rí bí o bá ní kí Sẹ́míù máa lẹ̀ ẹ́ lọ.

Bíríkìlà ará Ìjẹ̀bú kan ló wá tú ilẹ̀ náà. Àwọn irin inú dẹ́kìn ti dípẹtà, ó fi ọwọ́ lásán ṣẹ́ wọn bí igi ìdáná. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹnu àwọn ará ilé wa tó padà. Kàkà kí wọ́n ní ilẹ̀ ni kò dára, wọ́n ní Ìyá Bíọ́dún ló ń da omi jù. Wọ́n lé e. Obìnrin tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó ń wẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ náà wá wo òkè tó já, wòlíì wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní Ọlọ́run ti rí ìgbàgbọ́ wa, kó má rí omi tí a mu. Mo ṣì wà nínú ìjọ yẹn títí dòní, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ dí òkè padà, ó ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ náà, kò sì ṣí i mọ́ títí ó fi kú. Ojú ń tì í.

Ó wá kan ìmọ̀ràn. Jókòó kí o gbọ́.

Èkíní, má fi ohun tí àlejò ó rí ṣáájú ohun tí yóò gbé ilé ró. Táìlì ni aṣọ, ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ ni awọ ara. Ẹni tó bá bó awọ ara rẹ̀ kó tó wọ aṣọ, aṣọ olówó iyebíye ò ní gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbéyàwó. Ọjọ́ kan ni àwọn èèyàn ó wo aṣọ yín. Ìyókù, abẹ́ ni.

Èkejì ni ti igun. Sẹ́míù fúnra rẹ̀ sọ fún mi, ìgbà tó tún orí rẹ̀ rò, pé àárín ilẹ̀ kọ́ ni omi ti máa ń wọlé. Ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri ni, àti ẹnu ihò tí omi ń gbà jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi aṣọ wẹ́wẹ́ oníhò bíi nẹ́ẹ̀tì sí, tí wọ́n á kun ọ̀dà sí i, tó bá gbẹ wọ́n á tún kun òmíràn lérí. Ibi tí nǹkan méjì ti pàdé ni kí o máa ṣọ́, Àkànbí. Ilé wa àti ilé àwọn Títílọlá, igun nìyẹn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ darí omi síbi ihò. Bí ilẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi á dúró, omi tó bá dúró á wá iṣẹ́ ṣe. Ìwọ náà tí o máa ń dá ọ̀rọ̀ dúró sínú fún odidi ọ̀sẹ̀, mo ń bá ọ wí níbí. Ṣe ihò fún un kó jáde.

Má wá ẹni tí o ó di ẹ̀bi rù bí nǹkan bá bàjẹ́. Mo lọ bá Ìyá Bíọ́dún ní Ṣógúnlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lé e, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ó ní kí n dìde, pé òun ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò sí lọ́wọ́ mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, nítorí ó wà lọ́wọ́ mi.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Kò burú. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ló kù. Bí ìyàwó rẹ bá sọ fún ọ lọ́jọ́ kan pé ògiri ń rùn bí ọṣẹ, má bi í léèrè ìwé tó kà. Dìde, kí o lọ gbóòórùn ògiri.

Ní báyìí, jẹ́ kí n sọ ibi tí iṣẹ́ dé. Sẹ́míù kì í ṣe ọ̀lẹ, iṣẹ́ tí o ní kó ṣe ló fẹ́ ṣe. Ìgbà tó rí i pé n ò ní dìde, ó lọ ra ọ̀dà ní Onígbòǹgbò níbí, ó kun gbogbo ilẹ̀ àti ara ògiri dé ibi tí omi ìwẹ̀ ń ta dé. Ó dára lójú. Ó ní kí òun wá lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mo ní rárá o, a ó kọ́kọ́ dán an wò. Ó fi àkísà dí ihò, ó fi sìmẹ́ńtì ṣe ìdènà kékeré sẹ́nu ọ̀nà, a bomi sí i títí omi fi bo ọrùn ẹsẹ̀. Ó ń kùn pé ọ̀pọ̀ oníbàárà òun kì í da òun láàmú báyìí. Mo ní kó kí wọn fún mi.

Láàárọ̀ àná, mo gbójú sókè lórí bẹ́ẹ̀dì mi, nínú pálọ̀ àtijọ́ tí mo ti sọ di yàrá. Ojú kan ti dúdú lára òkè yàrá mi, kò ju ìdérí ìkòkò lọ, ní ọ̀gangan ibi ihò omi. Mo pe Sẹ́míù sínú yàrá. Ó gbójú sókè, ó wò ó. Ó wá ní, “Ìyá, à bá ti lẹ̀ ẹ́ lé e lórí.” Ó ti fa omi náà jáde, ó ti ha etí ihò náà, ó ti tún un ṣe. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa, kí a tún bomi sí i, kó sì dúró síbẹ̀ títí èmi ó fi ní ó tó. Nítorí náà, ìyàwó rẹ ó dé kí táìlì tó lẹ̀. Bó ṣe máa rí nìyẹn. Má fi owó táìlà bẹ̀ mí, má sì rán Dádì Agége sí mi mọ́, kí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn má baà gòkè lásán.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. O fẹ́ sọ pé báwo ni yóò ṣe rí létí Títílọlá. O fẹ́ sọ pé mo fẹ́ dójú tì ọ́ lọ́dọ̀ àna rẹ. Èmi náà rò ó. Nítorí náà, kí n tó jókòó kọ lẹ́tà yìí, mo pè é fúnra mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti òkúta, ti ẹní rẹ, ti àbààwọ́n òkè yàrá mi. Mo ní òun ló ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀, kó sọ tinú rẹ̀. Mo ní bó bá ní kí n ṣí ilẹ̀kùn, n ó ṣí i. Òótọ́ ni, n ó ṣí i.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wá ní, “Ìyá, ẹ̀yìnkùlé ni n ó ti máa wẹ̀ pẹ̀lú yín títí yóò fi gbẹ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Bí Káyọ̀dé bá bínú, ẹ ní kó wá bá mi.”

O ti gbọ́. Lọ bá a.

Ọlọ́run á gbé yín dé láyọ̀, ilé ń retí yín.

Èmi tí mo bí ọ, tí n kò sì ní dìde lẹ́nu ọ̀nà,
Ìyá rẹ.